Iná Màmá Tegwen Wọ̀ sí Ilé Onítẹ̀bọmi

                                        Ilé Kẹsàn-án, Rhes Isaf,
                                        Cwm Helyg,
                                        Sir Gâr,
                                        Wales.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1987.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n Trefor,

Jọ̀wọ́ wá ibì kan jókòó sí kí o tó máa kà á lọ. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí rẹ, sọ fún un kí ó di ọ́ mú. Pẹ̀lú ọkàn tí ó wúwo ni mo fi ń kéde fún ọ pé okùn tí ó ń dí ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù ìyá àgbà rẹ ti papòdà lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Funfun ni wọ́n rà á, dúdú ni ó kú. Ó fi ilẹ̀kùn irin méjì, páìpù èéfín kan àti opó kan sílẹ̀ sáyé lọ. Kò sí àìsùn, kò sì sí ìsìnkú, nítorí inú garawa eérú ni mo dà á sí.

Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù orí òkun kò tíì sọ ọ́ di panla? Iṣẹ́ epo yín ńkọ́, ṣé pèpéle irin tí ẹ ń gbé lórí rẹ̀ ṣì dúró sójú kan, àbí ẹ̀fúùfù ti ń gbé ọ̀gá yín lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbàdúrà? O ní kí n má béèrè ọmọbìnrin Aberdeen yẹn mọ́. N kò béèrè. Ara gbogbo wa le níbí. Bàbá mi ní kí n kí ọ, ikọ́ rẹ̀ náà sì ń kí ọ láti yàrá kejì bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ajá wa bímọ. Òjò tí ó ń rọ̀ ní ọjọ́ tí o lọ ṣì ń rọ̀.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún ọ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan láti Cwm Helyg bá fi fóònù wá ọ kí lẹ́tà yìí tó dé, tí ó sì ń sunkún, má gbà á gbọ́. Màmá Tegwen, ìyá àgbà rẹ, wà láàyè. Ó jẹ nínú ẹran ìsìnkú ara rẹ̀, ó sì ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

O kọ̀wé pé kí n bá ọ lọ wo ohun tí ó ń fọ́ ìyá àgbà lórí láràárọ̀, nítorí màmá rẹ ti búra ní Swansea pé bí orí fífọ́ náà kò bá lọ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun yóò wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ òun, níbi tí ooru ti ń gba inú páìpù funfun jáde lára ògiri. O ní èmi ni kí n lọ nítorí èmi ni mo lọ sí pólì. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ooru àti afẹ́fẹ́ inú ilé ni mo lọ kọ́, n kò sì tíì rí ilé tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ìyá àgbà rẹ ni oníbàárà mi àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó ti sítóòfù, ó fi aṣọ tútù di orí, ó ń kó èédú sínú ààrò bí ẹni tí ó ń bọ́ ọmọ tí kì í yó. Ooru ilé náà tó fi dín ẹyin. Mo ṣí fèrèsé. Ó dìde, ó tì í. Mo tún un ṣí.

Ó ní, "Ithel, èédú tí ọkọ mi fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbà fún mi nídìí kùsà ni o fẹ́ kí n máa fi mú òkè ìta gbóná?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Afẹ́fẹ́ inú ilé yìí ni mo fẹ́ kó jáde."

"Kí ló ṣe é? Òun náà ni mo ti ń mí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ."

"Òun ló ń fọ́ yín lórí."

"Orí mi? Eirwen ló ń fọ́ mi lórí. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè mí lórí fóònù." Eirwen tí ó ń wí, màmá rẹ ni. Mo sọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn náà bí n ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí sítóòfù èédú ti máa mu afẹ́fẹ́, ìyẹn ojú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ lára ilẹ̀kùn eérú, tí onílé lè ṣí tàbí kí ó dín kù. Bí ó bá ti ń rí òmíràn mu níkọ̀kọ̀, àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ onílé. Afẹ́fẹ́ tí ó bá yọ́ gba ìsàlẹ̀ wọlé á mú kí iná máa jó àjódijú, èédú tí ó yẹ kí ó gbé e di àárọ̀ kò ní í pẹ́ tán. Èyí tí ó bá yọ́ gba òkè, níbi tí páìpù ti so mọ́ ara sítóòfù, á mú kí ihò èéfín tutù. Èéfín tí kò bá sì ní ooru lẹ́yìn kì í lè gòkè, á yí padà sínú ilé. Nínú èyí tí ó yí padà yẹn ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í fọ́ ènìyàn lórí títí ayé. Bí ó bá pẹ́, a máa jẹ́ kí orí náà sinmi pátápátá. Àìsàn méjèèjì ni sítóòfù ìyá àgbà rẹ ní.

Mo tọrọ àbẹ́là. Ó béèrè bóyá ìsìn ni. Mo tàn án, mo ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ ní etí ilẹ̀kùn, ní ojú ibi tí irin ti pàdé irin, ní ìdí páìpù. Níbi tí sítóòfù bá ti dì, iná àbẹ́là á dúró ṣánṣán bí akọrin tí àlùfáà ń wò. Níbi tí ó bá ti ń jò, iná náà á tẹrí síbẹ̀. Níwájú sítóòfù yẹn, kò síbi tí kò ti tẹrí. Nígbà tí mo dé ìdí páìpù, ó tẹrí títí ó fi kú.

Ìyá àgbà rẹ ní, "Ó ń kí i ni. Iná kékeré ń kí iná àgbà. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa."

Mo ya pépà kan nínú ìwé ìròyìn, mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo sì fà á. Bí ilẹ̀kùn bá dì, pépà á ya. Èyí yọ́ jáde wẹ́rẹ́, òun àti àwòrán mínísítà kan tí ó ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò lè di mínísítà mú, kò lè di afẹ́fẹ́ mú. Mo wá sọ fún un pé a ó pààrọ̀ okùn ẹnu ilẹ̀kùn, a ó sì fi sìmẹ́ńtì tí iná kì í jó dí gbogbo ojú tí ó là. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Sìmẹ́ńtì náà kì í di irin gbígbóná mú. A ní láti pa iná.

Trefor, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ sítóòfù. O mọ ìtàn iná yẹn jù mí lọ, wọ́n pò ó mọ́ wàrà fún ọ mu. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bù ú fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ó di ìyàwó, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti kú. Ní alaalẹ́ ó ń po ìyẹ̀fun èédú mọ́ amọ̀, á fi bò ó bí ẹni tí ó ń bo ọmọ, á dá ihò kan sí i lórí kí ó máa fi mí, tí ilẹ̀ bá mọ́ á tú u. Awakùsà daṣẹ́ sílẹ̀, iná kò kú. Wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ jáde nílé, iná kò kú. Ní Rhes Isaf, wọ́n lè dárí ji obìnrin tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Ẹni tí iná rẹ̀ bá kú, orúkọ ló ń di. Rántí Marged Eérú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni tirẹ̀ kú, kí wọ́n tó bí bàbá mi, síbẹ̀ "Marged Eérú" ni wọ́n kọ sára òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ènìyàn kò ní mọ ta ni.

Ìyá àgbà tú aṣọ tútù kúrò lórí, ó ká a. Ó ní, "Bí iná yìí bá kú, mo ti ń di ẹrù mi. Kí ni mo tún fẹ́ máa ṣọ́ níhìn-ín?"

Ọ̀rọ̀ wá dì pọ̀. Bí a kò bá tún sítóòfù ṣe, màmá rẹ á gbé e lọ sí Swansea. Bí a bá pa iná kí a lè tún un ṣe, á gbé ara rẹ̀ lọ. Mo wo inú gbogbo ìwé pólì tí mo ní, kò sí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba èyí.

Nígbà tí mo mu tíì kejì ni mo dábàá pé iná kò gbọdọ̀ kú, ṣùgbọ́n ó lè lọ wọ̀ síbì kan. Ọjọ́ méjì péré, kí sìmẹ́ńtì gbẹ. Ó rò ó, ó ní kò burú, ilé ta ni? Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Gbogbo Rhes Isaf ti gba gáàsì, àfi òun àti Gomer tí ògiri kan ṣoṣo là láàrin. O mọ Gomer: awakùsà tí ó ti fẹ̀yìn tì, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá àgbà rẹ sì rèé, Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n bí sínú Mẹ́tọ́díìsì. Láti ìgbà tí Lowri, ìyàwó Gomer, ti kú, "ó mà tutù o" nìkan ni wọ́n ń sọ síra wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú.

"Gomer," ó ní. "Onítẹ̀bọmi. Ithel, lo orí rẹ. Ohunkóhun tí àwọn ènìyàn yẹn bá gbà wọlé, omi ni wọ́n ń rì í bọ̀."

Síbẹ̀ mo lọ bá Gomer. Ó gbọ́ mi títí, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé.

"Ṣé ó ń bọ̀ wá gbé ni, àbí ó ń kọjá?"

"Ọjọ́ méjì ni, sà."

"Ṣé ó mọ̀ pé a kì í mutí nílé yìí?"

"Iná ni, sà."

"Mo mọ̀ pé iná ni. Iná Mẹ́tọ́díìsì. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó máa ń sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ." Ó ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n kò ní wọ inú ààrò kíṣìnì, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ti òun. Mo padà sílé láti jíṣẹ́, ìyá àgbà rẹ náà ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láti sọ pé kí wọ́n má ṣe da ti òun pọ̀ mọ́ ti Onítẹ̀bọmi o. Báyìí ni ìjọ méjèèjì ṣe fohùn ṣọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Cwm Helyg. Pálọ̀ iwájú ni iná á wọ̀ sí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú a gbé e lọ. Èmi ni mo gbé garawa, iná pọ́n nínú rẹ̀ bí ojú ológbò. Ìyá àgbà rẹ dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé garawa. Gomer dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà, ó sọ fún garawa pé kí ó wọlé. A tò ó sínú ààrò pálọ̀, láàrin dùùrù tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ àti àwòrán Lowri.

Mo padà lọ sídìí sítóòfù. Ó pẹ́ kí irin náà tó tutù, ó ń ké kọ́, kọ́, bí oríkèé arúgbó. Nígbà tí ó tutù tán, ìyá àgbà rẹ fi ọwọ́ kàn án, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó kéré tó báyìí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, ó fetí sí ohun tí ó wà lódì kejì.

Mo fá okùn àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i. Mo fi sìmẹ́ńtì dí ìdí páìpù àti ojú tí irin ti là. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi sínú ikùn sítóòfù, mo fa kọ́tìnì, mo wá ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti yọ. Ó ṣì ń yọ ní etí ọ̀tún ilẹ̀kùn eérú, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí ó ń yọjú wo aládùúgbò. Mo yí ìdè ilẹ̀kùn, kò gbọ́. Mo tún okùn fi, kò gbọ́. Mo ti ń ronú nípa iṣẹ́ mìíràn tí mo lè kọ́ nígbà tí mo rí i pé omi inú páànù tí mo gbé lé orí sítóòfù kún ní apá kan, kò kún ní apá kejì. Sítóòfù náà ti dẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún ti rì sínú ilẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ti lọ́, ilẹ̀kùn kò lè jókòó sáyè rẹ̀ mọ́, kí okùn jẹ́ tuntun kí ó jẹ́ ti àná.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló ń dà á láàmú, Mà."

Ó ní, "Èmi náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni."

Mo fi ọ̀pá irin gbé e sókè, mo sì ki òkúta pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé wa. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, ó dún bí ẹni tí ó ti parí ọ̀rọ̀. Mo fi pépà há a, mo fà á. Mínísítà ya sí méjì. Ìyá àgbà rẹ ní òun ti mọ̀ pé ọjọ́ náà á dára.

Gbogbo àsìkò tí a fi ń ṣe èyí, àwa kò mọ ohun tí ó ń lọ níta. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dáná ní pálọ̀ iwájú ní Rhes Isaf àfi bí àlùfáà bá ń bọ̀ tàbí bí òkú bá wà nínú rẹ̀. Èéfín ń yọ ní pálọ̀ Gomer. Àlùfáà Onítẹ̀bọmi sì wà ní Cardiff. Ẹnìkan gbójú sókè, ó rí i pé ihò èéfín ìyá àgbà rẹ kò yọ èéfín, ohun tí ojú kankan kò rí rí. Wọ́n rò ó pọ̀. Kò sẹ́ni tí ó béèrè, nítorí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ènìyàn máa béèrè. Kọ́tìnì gbogbo ilé tí ó wà lójú pópó wálẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Beti, ìyàwó alápatà, ti gbé odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ dé ilé Gomer, àwọn yòókù gbé búrẹ́dì eléso tẹ̀ lé e.

Beti ní, "Gomer, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ilé yín náà ló sì parí sí. Ẹ mà fi ọ̀rọ̀ yín bò wá o."

Gomer wo ẹran. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Tegwen lẹ ń sọ? Ithel ló gbé e wá láàárọ̀."

"Nínú kí ni?"

"Nínú garawa."

Beti fi ìdí lélẹ̀. Gomer kò rí ohun tí ó yẹ kí ó tún ṣàlàyé, ó sì gbé ìkòkò tíì kaná. Láàrin wákàtí kan, kíṣìnì rẹ̀ kún fún aṣọ dúdú. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rere nípa ìyá àgbà rẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohun tí Mẹ́tọ́díìsì wá ṣe tí ó fi kú sí pálọ̀ Onítẹ̀bọmi. Ẹnìkan ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ó ti fi fóònù bá màmá rẹ kẹ́dùn.

Ebi ló lé èmi àti ìyá àgbà jáde. A gbọ́ òórùn ẹran, a yà wò wọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wo gbogbo wọn yíká. Ife kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún un. Beti ló gbìyànjú. "A rò pé ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta ló ní kí ẹ rò bẹ́ẹ̀?"

"Ihò èéfín yín ni."

Ó jókòó, ó bu ẹran jẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí mo ti sọ fún ọ. Ó ní ó yẹ kí Beti rọra ṣe é, ó ṣe tán òkú wọn mọ oúnjẹ jẹ. Orí ìjókòó yẹn ni màmá rẹ bá a nígbà tí ó já wọlé láti Swansea pẹ̀lú ojú wíwú. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó bínú. Ó ní òun kò ní dúró kí fóònù irú èyí tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí sítóòfù bá ti yọ èéfín kan tí kò yẹ, ọkọ̀ òun wà níta. N kò dá a lẹ́bi, Trefor.

Ní ọjọ́ Ẹtì, sìmẹ́ńtì gbẹ. Èmi, ìyá àgbà àti màmá rẹ lọ gba iná. Gomer ló gbé garawa jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà kò gbé e fún mi. Ó dúró. Iná tí ó wà nínú rẹ̀ pọ́n dáadáa.

Ó ní, "Ìyá Eirwen, ọ̀rọ̀ kan wà. Díákónì ni mí. N kò lè fi èyí lé yín lọ́wọ́ kí n sì dákẹ́."

Ó ní ní ọjọ́ tí àwọn abánikẹ́dùn kún ilé, òun ń bu tíì fún wọn, òun kò ráyè wọ pálọ̀. Àwọn ni òun gbẹ́kẹ̀ lé pé wọ́n á ju èédú sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ṣílẹ̀kùn, nítorí wọ́n rò pé òkú wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi lọ tán, iná ti di eérú. "Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó ti tutù. Mo wá bu láti inú ààrò kíṣìnì mi, òun ni mo ń tọ́jú láti ọjọ́ náà. Tèmi ni èyí, kì í ṣe tiyín. Tiyín kú sọ́wọ́ mi."

Màmá rẹ rọra yí padà, ó wọlé lọ, mo sì gbọ́ tí ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde ní yàrá ìyá rẹ̀. Ẹrù ló ń dì.

Ìyá àgbà rẹ wo garawa. Ó pẹ́ tí ó ń wò ó. Ó ní, "Gomer, ọdún tí yìnyín bo ilẹ̀kùn wa, ibo lo wà?"

"Abẹ́ ilẹ̀. Wọn kò rí wa gbé jáde fún ọjọ́ méjì."

"Lowri kò sùn ní ọjọ́ méjì yẹn. Ojú fèrèsé ló wà. Kò rántí iná, iná sì kú. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wá bá mi, ó fi ṣọ́ọ̀lì bo orí, mo bu iná fún un nínú páànù ìdínkẹ́ẹ̀kì. Ó ní kí n má sọ fún ọ láéláé. N kò sọ. Ní báyìí ìwọ ti sọ tìẹ, mo sọ tiwa."

Gomer gbé garawa sílẹ̀. "Láti ọdún yìnyín?"

"Láti ọdún yìnyín."

"Mo sì ń jókòó tì í ka Bíbélì."

"Ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yí padà."

Gomer béèrè àga. Mo gbé e wá fún un. Ó jókòó síta nínú òjò wínníwínní, ó dijú, ó dà bí ẹni tí ó ń ṣírò iye alẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yáná Mẹ́tọ́díìsì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lowri. Àní kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fura." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbẹ. Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Iná ìyá àgbà rẹ ṣe méjèèjì.

Ìyá àgbà ké sí inú ilé pé, "Eirwen, dá àwọn aṣọ mi padà, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù. Iná mi ń bọ̀ nílé."

A tò ó sáàrò. Mo fún un ní èédú díẹ̀díẹ̀ títí irin fi gbóná. Mo tan àbẹ́là, mo gbé e yí ara sítóòfù po, mo pẹ́ ní ìdí páìpù. Iná rẹ̀ dúró ṣánṣán. Màmá rẹ gba àbẹ́là lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé pólì. Ó dúró fún òun náà. Láàárọ̀ òní, ìyá àgbà tú amọ̀ kúrò lórí iná, ó bá a láàyè, èédú sì ṣẹ́ kù. Ó ní orí kò fọ́ òun. Ó ní ó ṣe òun bí ẹni pé nǹkan òun sọnù. Màmá rẹ dúró di ọ̀sán kí ó lè dá a lójú, ó mú ẹran tí ó kù, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Gomer ti yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti àná. Ó ní òun wá wo ìdílé òun ni.

Bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà lórí omi, pàápàá ẹni tí o ní ó máa ń hanrun ní èdè mẹ́ta. Ìyá àgbà rẹ kí ọ, ó ní kí o máa wọ sínńgílẹ́ẹ̀tì méjì. Gomer kí ọ. Beti alápatà kí ọ, ó sì ní kí n tọrọ àforíjì fún káàdì ìbánikẹ́dùn tí ó ti fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá gbọ́ iṣẹ́ kan ní Aberdeen fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń gbé àbẹ́là yí irin po, rántí mi.

                                        Èmi ni tìrẹ, tí o rán níṣẹ́ tí ó sì jẹ́ ẹ,
                                        Ithel.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò lẹ́tà nígbà tí ìwé yìí gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Gbogbo ilé ni wọ́n fi sí, títí kan àwa tí a ti gba gáàsì. Mo dà á kọ bí ó ti wà.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
Láti Ọ́fíìsì Ilé Gbígbé, Cwm Helyg
Sí gbogbo olùgbé Rhes Isaf tí ó ń dáná èédú

A ó gbá gbogbo ihò èéfín Rhes Isaf ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Gbígbá a láti orí òrùlé nígbà tí iná ṣì ń jó, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ti di èèwọ̀. Kí gbogbo iná kú pátápátá, kí ààrò sì tutù, kí òṣìṣẹ́ wa tó dé. Ọjọ́ kan náà ni a ó gbá gbogbo ilé, nítorí náà kò sí àyè láti gbé iná lọ sí ilé mìíràn. A kò ní gba àwáwí, yálà ti ìdílé tàbí ti ìjọ.

Ẹni tí ó bá nílò ìṣáná lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ́fíìsì wa. Páálí kan fún ilé kan.